Ìrù Dé, Ẹni Ń Bọ̀

Ojúlé Kẹsàn-án, ẹ̀yìn mọ́sáláṣí,
Ìgándò, Alimoṣọ, Èkó.
Ọjọ́rú.

Abdulmuiz,

Mo ti tan ìyá rẹ jẹ, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, kí n tó kí ọ rárá. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń wá ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ìwọ nìkan ni mo rí, bẹ́ẹ̀ ìwọ gan-an ni ẹni tí mi ò mọ ibi tó wà.

Àlàáfíà fún ọ, ọmọ mi, níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o ń rí omi mu, pé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń ro mí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣófà, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ náà sì ń lọ sókè sódò. Oṣù kẹrin rèé tí obìnrin inú fóònù ti ń sọ fún mi pé nọ́ńbà rẹ kò lọ. Mo ti wá ń kí i báyìí. Mo máa ń ní, “Ẹ káàárọ̀ mà,” kí n tó gé e. Àwọn ọ̀gá yín lẹ́nu iṣẹ́ ológun pè wá lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ní ìjà kan ṣẹlẹ̀, àwọn ṣì ń wá ọ, ká ní sùúrù. A ní in. Kí la tún fẹ́ ní?

Mo máa ń rántí ohun tí o ń sọ fún mi nígbà tí fóònù ṣì ń lọ. O ní kí ìrun àsùbáà tó tó lẹ ti máa ń jí, pé Dúdúyẹmí ẹṣin rẹ á mu omi kí ìwọ tó mu, pé wàá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, wàá máa yọ òkúta kúrò ní pátákò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. O ní ẹ máa ń lu abọ́ irin létí wọn kí ìró ìbọn má bàa já wọn láyà. O ní nígbà ọyẹ́, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lo máa ń sùn sí nítorí ooru, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á wá máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọkọ Dúdúyẹmí, ìyàwó ẹ ń pè ọ́ o!” Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn bàbá wa, ẹṣin á yó kí jagunjagun tó bu gààrí sẹ́nu.

Èmi ni mo fi ẹṣin sí ọ lórí, mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó lè tọ́jú ẹṣin nínú yín, o nawọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ o ò fọwọ́ kan ẹṣin rí láyé rẹ àfi èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò létí òkun lọ́jọ́ ọdún. Ìtàn àwọn bàbá wa tí mò ń sọ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù ṣófà wa ló nawọ́ yẹn sókè. Ká ní mo ti pa ẹnu mi mọ́, tí mo jẹ́ kí o máa gé fóòmù rẹ ní jẹ́ẹ́jẹ́!

Ìròyìn ayọ̀ kan wà ṣá. Mubarakah ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, ọkùnrin làǹtì-lanti, nílé ọkọ rẹ̀ ní Àgbàdo. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ náà ní Abdulmuiz, wọ́n rò pé inú wa máa dùn. Ìyá rẹ ló dìde. Ó ní, “Ẹni tó ni orúkọ yẹn kò tíì bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹnì kankan. Ẹ wá òmíràn.” Abdulganiyy ni wọ́n wá sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ yẹn ni àpò kan dé. Ìyá Promise, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa, ló gbé e wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀. “Mo ní kó jókòó, Bàbá Mubarakah, mo ní kí n bu omi fún un. Ó ní rárá. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní kí n ṣá gbé e fún yín, ó ní ẹ máa mọ̀ ọ́n.” Orúkọ tó wà lára àpò náà ni Wàsíù. Mo rántí ẹni náà: ọ̀rẹ́ rẹ ará Baruwa, tí ẹ jọ ń gẹṣin. Mo tú àpò. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e. Mo tú ìyẹn náà. Ìrù ẹṣin ni, dúdú kirikiri, pẹ̀lú irun funfun díẹ̀ nídìí, bí o ṣe máa ń ṣàpèjúwe Dúdúyẹmí gẹ́lẹ́.

O mọ ohun tí ìrù ẹṣin jẹ́ nílé wa. Láyé ogun àtijọ́, jagunjagun kọ́ ló ni ẹṣin tó ń gùn, ìjòyè tó rán an lọ ló ni ín. Bí ẹṣin bá kú sójú ogun, ẹni tó gùn ún gbọ́dọ̀ gé ìrù rẹ̀ wálé. Bí ó bá dé lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n á ní ó tà á ni, tàbí ó fi sá lọ. Bàbá ńlá wa fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mọ́kànlá, ìrù so mọ́ ìdí rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú tí kò lè gbé e mọ́. Ló bá fi ìrù náà rán ẹnì kan tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ níwájú. Ọjọ́ kẹta tí ìrù dé ni òun náà fi igi tilẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà la ti ń wí nílé wa pé, “Ìrù dé, ẹni ń bọ̀.”

Síbẹ̀, kí n má parọ́, ìrù nìkan kọ́ ló dá mi lójú. Kókó ni. Okùn tí wọ́n fi di ìdí rẹ̀, kókó ṣófà ni wọ́n ta sí i, èyí tí mo kọ́ ọ: okùn á yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí rẹ̀ á gba abẹ́ wọlé, kò ní hàn síta. Ó sì fà sí òsì! Gbogbo oníṣẹ́ ṣófà tí mo mọ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń fà á sí. Ìwọ ọlọ́wọ́ òsì nìkan ni mò ń bá jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Mo jókòó sórí fóòmù, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, ọmọ mi ló gé ìrù yìí fúnra rẹ̀. Mo ní, ẹni tó ti kú kì í ta kókó.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bí alùfáà ṣe ṣàdúà tán báyìí, mo dìde láàárín èrò, mo gbé ìrù sókè, mo pariwo pé, “Ìrù dé!” Gbogbo ẹbí wa ló gbè é: “Ẹni ń bọ̀!” Ìyá rẹ, tí eyín rẹ̀ kò tíì hàn síta láti oṣù mẹ́ta, so ìbòrí rẹ̀ mọ́ ìbàdí, ó jó. Wọ́n ń kí mi kú oríire lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ará Àgbàdo tí kò mọ̀ mí rí ń gbá mi mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú àkùkọ kan àti iṣu méjì, mo lọ sí Baruwa láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Wàsíù. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ dídì yẹn, kò sì dìde mọ́. Mo ní, “Dìde, ọmọ mi, ọpẹ́ ni mo bá wá. Abdulmuiz dà? Ìlú wo ló dé báyìí?” Ó ní, “Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó ń bọ̀?” Mo ní ìrù ni. Mo ní kókó ni, mo ní mo mọ ọwọ́ ọmọ mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ta kókó yẹn.”

Ó ní gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n ta. Ó ní tí ẹ bá ti fún àwọn ẹṣin ní èèrí nírọ̀lẹ́, ìwọ lo máa ń tún gàárì gbogbo wọn rán, wàá ní kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ. “Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, bàbá, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò kọ́ ọ. Òsì náà ni mò ń fà á sí.” Mo ní kó ta á kí n rí i. Ìyá rẹ̀ fún un ní okùn. Ó ta á. Kò sí ìyàtọ̀, Abdulmuiz. Kò sí ìyàtọ̀ rárá.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní etí odò gbígbẹ kan lẹ ń ṣọ́, níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ìbọn dún láti inú igbó, àwọn ẹṣin fọ́n ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí Dúdúyẹmí létí odò náà, ó ti kú. Wọn ò rí ọ. Wọ́n wá ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ni Wàsíù jìn sí kòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́, ilé ìwòsàn ló sì ti wà títí tí wọ́n fi ní kó wá kí ìyá rẹ̀. Òun ló gé ìrù náà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní, “Abdulmuiz sọ fún wa pé nílé yín, ìrù ni wọ́n fi ń sọ pé ẹṣin ti kú. Mo rò pé tí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀, kí n má bàa fi ẹnu ara mi sọ ọ́.” Kí ni mo fẹ́ fi bá a wí? Kò parọ́, àbí? Àṣà tiwa náà ló ṣe, ibi tó mọ̀ ọ́n dé ló ṣe é dé.

Ohun kan kù tó sọ. Ó ní ẹnì kan ti tú gàárì kúrò lẹ́yìn Dúdúyẹmí, ó gbé e sábẹ́ igi, ó ká ìjánu lé e lórí. Olè ì bá gbé e lọ. Ta ló máa tú gàárì fún ẹṣin tó ń kú lọ, kó lè mí, bí kò ṣe ẹni tó máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti tún gbé ọkàn lé e. Mo gbé ọkàn lé kókó, o sì rí ibi tó gbé mi jù sí.

Mo délé. Ìyá rẹ ní, “Kí ni Wàsíù wí?” Mo ní, “Ó ní ká máa ṣàdúà.” Ó ní, “Ẹ ò rí i? Mo ní ẹ má da ara yín láàmú.” Ẹ̀tàn tí mo ní mo ṣe nìyẹn. Ó ti gbé ìrù náà kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, òyà ara rẹ̀ ló fi ń yà á láràárọ̀, ó ń fi àdí àgbọn pa á. Lánàá ó tún ní, “Ẹ bá mi pààrọ̀ fóòmù àga Abdulmuiz jàre, ó ti tẹ̀. Ẹni tó ń ti orí ẹṣin bọ̀, ìdí á máa ro ó.” Mo pààrọ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí.

Àwọn àgbà ní ọmọ́ kú sàn ju ọmọ́ nù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu àwọn èèyàn nínú rí, mo ti jókòó sílé olókùú sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́n. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò mọ ohun tí mò ń sọ nígbà náà.

Wàsíù ń padà lọ lọ́la, Àlàmísì. Kò lè gẹṣin mọ́, ilé ẹṣin ni wọ́n ní kó máa mójú tó. Ó ní àpótí rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ, orí rẹ̀ ni òun máa gbé lẹ́tà yìí lé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, màá sọ òótọ́ fún ìyá rẹ. Mi ò sọ ọ́ lónìí nítorí mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí jáde nílé yìí nígbà tí ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ tó gbà pé o ń bọ̀. Èmi ò ní agbára rẹ̀ mọ́.

Ọlọ́run tó mú bàbá ńlá wa fi igi tilẹ̀ délé, kí Ó mú ìwọ náà rìn. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní lanu sí ọ. Ẹni tó bá rí ọ á fún ọ lómi, kò ní bi ọ́ léèrè ibi tí o ti ń bọ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Rẹ̀ lo wà, kí Ó tẹ́ ọ sí ibi tó rọ̀, tó rọ̀ ju gbogbo ohun tí mo lè fi fóòmù ṣe lọ. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Ràímì oníṣófà.

Mo gbàgbé èyí: bí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má fi kókó dá mi lóhùn, má fi ìrù, má rán ẹnikẹ́ni. Mi ò lè ka kókó mọ́. Mú bírò, fi ọwọ́ òsì rẹ kọ orúkọ rẹ sórí ìwé, wúruwùru bíi ẹsẹ̀ adìẹ, èyí tí mo máa ń nà ọ́ lé lórí nígbà tí o wà níléèwé. Ìyẹn nìkan ni ẹnì kankan kò rí kọ́ lọ́wọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, Abdulmuiz, tètè kọ ọ́.