Máàkì Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ní Ẹ̀yìn Radhamés

Loma Fría,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò.

Radhamés ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Orúnkún rẹ ńkọ́, èyí ti apá ọ̀tún tó máa ń wú? Ọlọ́run tó gbé ọ jáde láti orí òkè yìí tó fi ọ́ han ayé kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wúńdíá Mímọ́ ti Altagracia yóò bò ọ́ nínú ọkọ̀, yóò bò ọ́ nínú bàlúù, yóò sì bò ọ́ lórí ilẹ̀ onípákó tó ń dán yẹn tí ẹ̀ ń sáré lé lórí, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni mo máa ń rò ó pé ẹni tó ń nù ún bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ yín fẹ́re. Àmín. Bàbá rẹ wà dáadáa. Kò ní kí n kí ọ o, ẹ̀yin méjèèjì ẹ mọ ara yín, ṣùgbọ́n ó ti yọjú lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá mo ti kọ̀wé dé orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Òjò ọdún yìí pọ̀, gbogbo kọfí sì pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe ìpàdé. Adìẹ aláwọ̀ eérú tí o fẹ́ràn ti kú, a kẹ́dùn rẹ̀ gan-an, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Fóònù tí o rà fún mi ṣì dà bí tuntun, inú ìkòkò ni mò ń gbé e sí kí àrá má baà rí i. Bí o bá yọ sí mi nínú rẹ̀ tí ojú rẹ kún inú gíláàsì, mo máa ń gbé ife kọfí kan síwájú rẹ, nítorí èmi kì í gba àlejò lọ́wọ́ òfo, bàbá rẹ ló sì máa ń mu ún nígbà tí o bá lọ, ó ní kó má baà tutù. Káàdì báńkì náà wà lẹ́yìn àwòrán Wúńdíá. Ọmọbìnrin báńkì tó fún mi ní àpòòwé nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i láyé, bí mo ṣe délé ni mo sọ ọ́ sínú iná láì ṣí i. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí i. Èmi náà kò rí i.

Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé bíírò lé mi lọ́wọ́, nítorí o mọ̀ pé ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè o pè mí. O ní àwọn tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n yín lólú ìlú ti sọ fún ọ pé bí sáà yìí bá parí, àwọn kò fẹ́ ọ mọ́, pé o ti dàgbà. O ní láti ìgbà tí o ti kúrò nílé, ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ìlú dé ìlú, kò sí ibìkan tí wọ́n ti sọ pé kí o dúró. O ní o fẹ́ pa á tì kí sáà náà tó parí, kí o wá iṣẹ́ ọdẹ aṣọ́lé síbì kan, pé ojú rẹ kò gbà á láti wá sí Loma Fría. Kí n tó dá sí i, o ti pa fóònù. Radhamés, o kò tọrọ ìre lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, o kò kúrò níwájú mi rí láì sọ pé, Màámi, ẹ súre fún mi. Kódà lọ́jọ́ tí mo nà ọ́ nítorí wàrà tí o dà nù, o fi ẹkún tọrọ rẹ̀ kí o tó lọ sùn. Mo di fóònù náà mú, mò ń dúró. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé, nítorí ìwé kò ní bọ́tìnì tí o máa tẹ̀ kí ẹnu mi dákẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí kò yé mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé wọ́n ní o kò wúlò mọ́. Gbogbo jésì tí o ti fi ránṣẹ́ ni mo tò sórí okùn. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé Mẹ́síkò, méje ni wọ́n kọ sí ọ lẹ́yìn, mo sunkún, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọ. Ní Fẹnesuẹ́là, mọ́kànlá. Ní Ajẹntínà o gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo ní ọmọ mi ti ń mọ̀wé rẹ̀. Ní Urugúè ó já wálẹ̀ sí ogún, n kò bi ọ́ léèrè, mo mọ̀ pé orúnkún ni. Lónìí ńkọ́? Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà, gbogbo ayé sì ń kà á. Tíṣà wa níbí kò fún ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí. Deivi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín yẹn, mẹ́rin péré ló gbà. Èèyàn kì í gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lé e kúrò ní ilé ìwé. Kí o tó kúrò níbẹ̀, rọra bi wọ́n léèrè ọ̀kan tó kù yẹn.

Ti pé wọn kò dá ọ dúró síbì kan, ṣé o rántí ìkòkò ńlá Nena tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Láti bí mo ti mọ Nena, ìkòkò yẹn kì í sùn nílé rẹ̀. Bí wọ́n bá fi se ọbẹ̀ sankócho ìsàmì tán lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń dúró dè é nísàlẹ̀ fún àdúrà ọjọ́ kẹsàn-án òkú. Kò sí ilé tó tọ́jú rẹ̀ rí. N kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ìkòkò náà kò rí ilé tó fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Túsìdeé, wọ́n gbé ìdíje yín sórí tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù Tulio, gbogbo wa sì lọ. Bàbá rẹ náà wá. O mọ̀ pé kì í wá. Ó ní iyọ̀ lòun fẹ́ rà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ, kò sì lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn sí ìjókòó rẹ, ọmọ mi. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń lé káàkiri bí ewúrẹ́, ìwọ jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, wọ́n fi aṣọ ìnura funfun bò ọ́ léjìká, omi tútù wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì rú wọn lójú, mo fi ojú ara mi rí kóòṣì yín, àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tó kúnlẹ̀ níwájú ìwọ àtàwọn yòókù, tó gbé pátákó kékeré kan jáde, tó ń bẹ̀ yín. Tulio ní, Màmá Rada, ọmọ yín ló ń bá wọn mú àga gbóná lónìí. Mo ní kó lọ mú tiẹ̀ gbóná, bí èyí tó wó mọ́ ọn nídìí nígbà Kérésì bá ti ṣeé jókòó lé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni nǹkan dojú rú. Wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Deivi, wọ́n tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Kóòṣì bá na ìka sí ọ. O bọ́ aṣọ ìnura, o ká a dáadáa kí o tó gbé e sílẹ̀, mo sì sọ fún ìyàwó Tulio pé èmi ni mo kọ́ ọ. O gba bọ́ọ̀lù, àwọn géńdé méjì rọ́ lù ọ́, ìwọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o gba ọ̀nà tóóró àárín wọn kọjá, bọ́ọ̀lù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nílẹ̀. Mo rò pé ìwọ lo máa jù ú, àfi bí o ṣe fi í ránṣẹ́ sí Deivi ní kọ̀rọ̀ láì tilẹ̀ wojú rẹ̀, òun ló jù ú sáwọ̀n, ẹ sì borí.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pariwo Deivi, Deivi. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé e sókè, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré wá sọ́dọ̀ rẹ, ó sì gbé orí lé ọ láyà. Ìgbà náà ni bàbá rẹ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, kò tẹ ẹyọ kọfí kan.

Kò sí ẹni nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò mọ ohun tó ń wí. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a ń sá kọfí sí nìkan ni ilẹ̀ tó tẹ́jú ní Loma Fría, ibẹ̀ lẹ ti ń ju bọ́ọ̀lù, bí ìkórè bá sì dé, kọfí a gba gbogbo rẹ̀. Àwọn yòókù máa ń lọ sílé. Ìwọ nìkan lo máa ń gbé bọ́ọ̀lù gba àárín ebè kọfí tí a sá, ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, bàbá rẹ a sì gbé ìgbálẹ̀ tẹ̀ lé ọ, yóò máa wo ilẹ̀ bóyá o tẹ ẹyọ kan, kó lè rí ìdí nà ọ́. Àṣé ó ń wò ọ́ náà nìyẹn. Mo sunkún níbẹ̀, lójú Tulio.

Láàárọ̀ àná, ìró ọkọ́ ló jí mi. Mo jáde, mo bá bàbá rẹ lórí ilẹ̀ kọfí, ó ń kó kọfí tí kò tíì gbẹ sínú àpò, láàárín gbùngbùn ìkórè. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní bí ọmọ bá ti sọ pé ojú òun kò gbà á láti wá sílé, kí ẹnikẹ́ni má rí i wí pé kọfí bàbá rẹ̀ ló dí i lọ́nà. Ó wá òrùka irin àgbá tí ẹ fi ń ṣe àwọ̀n nígbà yẹn jáde, ó kàn án padà mọ́ òpó. Kọfí wá gba gbogbo inú ilé. Ó wà lábẹ́ tábìlì, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, apá mi wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọ̀rá ńlá tí a ó máa sá kọfí lé lórí ránṣẹ́, kí ó má baà bu lé wa lórí, kí o sì fi owó bàtà kan kún un fún mi. Chelo, ọmọ àbúrò mi tó ń kó kọfí lọ sí ìlú, ló mú ìwé yìí wá. Òun ni kí o kó o fún, má fi í sínú káàdì, káàdì yẹn kì í bá mi sọ̀rọ̀.

Má fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kí sáà tó parí. Parí rẹ̀, kí o ká aṣọ ìnura rẹ dáadáa, kí o wá sílé ní ọ̀sán gangan kí gbogbo èèyàn rí ọ. Àwọn ará olú ìlú ti sọ tiwọn. Àwa kò tíì sọ tiwa.

Ìre tí o kò dúró gbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè rèé, mo tọ́jú rẹ̀ dè ọ́: Ọlọ́run bù kún ọ, ọmọ mi, bó o bá ń lọ, bó o bá ń bọ̀, bó o bá jókòó. Èyí tó kàn, fi ẹnu ara rẹ tọrọ rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hermenegilda.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé náà pa nígbà tí bàbá rẹ wọlé, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n kí ọ.