Sí Bàbá Mi, Lábẹ́ Ilé Àwọn Mọ́ńkì

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé yín wọ abẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ àìgbéyàwó, mi ò tíì ráyè kí yín bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀.

Ilé tí àwọn òyìnbó kọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ gbá a títí ara yín fi kọ iṣẹ́. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń kágò lórí àtẹ̀gùn kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n sin àwọn mọ́ńkì sí nínú ògiri. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Lójú yín, àwọn náà ń sin òkú wọn sílé bíi tiwa ni.

Ilé tiwa náà la fẹ́ sin yín sí! Sàréè Ìyá wà lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àyè yín sì wà níbẹ̀. Mo ń jókòó lórí rẹ̀ ṣa ẹ̀wà, mo ń sá èlùbọ́ sí i, mo ń fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Jósẹ́fù, sùn wọ́n. Nígbà tí ìjọ fẹ́ fi abẹ́ ilẹ̀ yẹn dá yín lọ́lá, ọmọ yín àgbà yẹn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti dúpẹ́. Gbogbo mọ̀lẹ́bí pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò kọ ọlá lójú àwùjọ? Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ ti gbà fún wọn? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?

Wọ́n ti fi ilẹ̀kùn onírin àti àgádágodo síbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń ṣí i, fún àwọn tó bá wá wo ilé àtijọ́. Mo ti ilé wa ní Ọlọ́runṣògo wọkọ̀ wá. Mo ṣàlàyé títí pé bàbá mi ló wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn àwọn àlejò ni wọ́n ní kí n tò sí.

Mo tò. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri dárúkọ àwọn mọ́ńkì òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn yín, agbálẹ̀ ló pè yín, ó sì kọjá. Wọ́n ta okùn síwájú yín. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn okùn, mo ń ki yín, ẹkún sì gbà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, àwọn àlejò ti yọ fóònù, wọ́n ń yà mí. Wọ́n rò pé mo wà lára ohun tí wọ́n wá wò.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.