Òògùn Tí Fóònù Kọ́kọ́ Mu

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró látàárọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìgbowó yẹn kò wú mọ́? Ẹni tó dá ọ yóò dá ọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣi owó kà, ọ̀gá rẹ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Ara èmi náà le, àyàfi orúnkún tó máa ń bú mi nígbà tí mo bá fẹ́ dìde, tí èmi náà sì máa ń bú padà.

Kí n tó lọ jìnnà, jẹ́ kí n fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Ara ọmọ rẹ ti yá. Ó ti mu òògùn rẹ̀ tán, igo ti gbẹ. Fóònù nìkan ni kò tíì jí, ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́ ohùn wa láti ọjọ́ tí o la ẹnu sílẹ̀ níwájú mi tí ọ̀rọ̀ sì gé. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà kàn ní kí n máa fi àmì ìdánudúró sí i lóòrèkóòrè kí èémí má bàa gé ẹni tó ń kà á.

O rántí pé nígbà tí ara ọmọ gbóná tó sì ń fa etí, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré yọjú sínú etí rẹ̀, ó ní inú etí ló ń dùn ún, ó fún wa ní òògùn olómi, ó ní bí ara tilẹ̀ tutù, ó gbọ́dọ̀ mu ún tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àìsàn náà á padà wá. Ó kọ ọ́ sára igo pé kí a gbọ̀n ọ́n dáadáa kí a tó lò ó. Mo kà á sókè níwájú gbogbo àwọn ìyá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ó wá fi abẹ́rẹ́ oníke kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń gún èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí irin lẹ́nu rẹ̀. Mo ti dé ẹnu géètì kí n tó rí i. Mo padà, mo kí i, mo sì rọra sọ fún un létí, kí àwọn èèyàn má bàa gbọ́ àṣìṣe rẹ̀, pé irin abẹ́rẹ́ wa kù sí i lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní ẹnu ni wọ́n ń tú òògùn yìí sí, kì í ṣe ìdí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.

Nílé, ọmọ rẹ di ẹnu pa. Bí mo bá gbé ike yẹn sún mọ́ ọn, á pa ètè dé, á fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, á wá máa fi imú wò mí. Aránṣọ tó wà ní yàrá iwájú ló sọ ọ́ ní Àgádágodo, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára. Mo pò ó mọ́ mílíìkì, ó mu ìdajì, ó da ìyókù sí bàtà mi, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tí ọmọ mu àti èyí tí bàtà mu. Aránṣọ ní kí n tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kí n fún un nímú, pé bó bá fẹ́ mí, á lanu. Mo ní rárá o, nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ó lè pá a lórí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láàárín èmi àti ìwọ, orí mi wú nígbà tí mo ń wò ó. Ọmọ ọdún méjì tó mọ ohun tí kò fẹ́ báyìí, ta ni yóò rẹ́ ẹ jẹ bó bá dàgbà?

Ọjọ́ tí o wá pè wá tí ojú rẹ hàn nínú fóònù, mo kọ́kọ́ ká aṣọ tí mo sá kúrò lẹ́yìn wa, nítorí n kò mọ ẹni tó ń wò wá láti èjìká rẹ. Mo rí i pé àárín àwọn páálí lo jókòó sí nínú yàrá ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ yín, omi sì ti lé sójú rẹ. O ní bó bá di Sátidé tí ọmọ kò mu òògùn, wàá wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn korò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, nítorí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gbé ohun kíkorò mì, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé tirẹ̀.

O sọ fún ọmọ pé kó lanu, o sì la tìrẹ gbàgà láti fi hàn án. Ó wò ọ́, ó nàka sí fóònù, ó ní kí Mọ́mì kọ́kọ́ mu.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Mo tú díẹ̀ sí ẹnu rẹ lójú gíláàsì, ó ṣàn wálẹ̀, o kò gbà á. Mo wá ronú bí ẹni tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Fóònù kì í fi ojú jẹun. Ihò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gba iná, iná sì ni oúnjẹ rẹ̀, nítorí náà ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé kò lè ṣàì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara fóònù náà ti ń gbóná láti àárọ̀. Mo fa òògùn dé ojú ìlà, mo sì tú u síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa pá ọ lórí.

Fóònù mu ún, kò tu ẹ̀kán kan dànù. O ṣì la ẹnu sílẹ̀ nígbà tí ojú rẹ ṣókùnkùn. Ọmọ wo fóònù, ó wò mí, ó sì lanu. Kíá ni mo wọn tirẹ̀, mo gbé e jókòó lórí itan mi, mo jẹ́ kí orí rẹ̀ nàró, mo ki ẹnu ike náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú, mo tú díẹ̀, mo dúró kó gbé e mì, mo tún tú díẹ̀, títí ó fi tán. Mo pàtẹ́wọ́, aránṣọ pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Ọmọ sùn, fóònù náà sùn. Ọmọ jí. Fóònù kò jí.

Atúnfóònùṣe ní omi ti wọ inú rẹ̀. Mo ní kì í ṣe omi, òògùn ni, mo sì wọ̀n ọ́n dé ojú ìlà. Ó wò mí títí, ó ní màmá, kí ló ń ṣe fóònù yìí tẹ́lẹ̀? Mo ní ara rẹ̀ ń gbóná. Ó bẹ̀ mí pé bí ẹlòmíràn bá tún ń ṣàìsàn nílé wa, kí n fi fóònù sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ike òfìfo ni Àgádágodo fi ń fún fóònù lóògùn kó tó lanu gba tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igo ṣe tán. Nọ́ọ̀sì tún yọjú sínú etí, ó ní ó ti mọ́, ó ní ọwọ́ ta ló ṣe iṣẹ́ yìí. Mo na ọwọ́ mi sókè bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Sátidé rẹ ti kọjá, ọmọ sì ti mu ún, nítorí náà mo jàre. Ṣùgbọ́n ohun kan wà. Òògùn ti tán, síbẹ̀ bí ọmọ yìí bá jí láàárọ̀, ìdí fèrèsé tí fóònù wà ló máa ń lọ. Á gbé ike òfìfo sí i lẹ́nu, á ní kí Mọ́mì lanu, á sì dúró. Á dúró pẹ́. Mo mọ bí a ṣe ń fún ọmọ lóògùn, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí mo lè fún un fún ìyẹn. Owó tí o bá fẹ́ fi ra fóònù mìíràn, má rà á. Fi wọ ọkọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá, kó rí ẹnu tó ń ṣí, lẹ́yìn náà ká jọ sọ bóyá ọmọ yóò bá ọ lọ tàbí yóò dúró tì mí. N kò ní bá ọ jà.

Bí owó ọkọ̀ bá ṣẹ́ kù, bá mi ra awò ojú, nítorí àwọn tó ń tẹ ìwé ara igo ń ṣọ́ tàdáwà lò, lẹ́tà wọn ń kéré sí i lójoojúmọ́.

Bí o ti bí ọmọ tó gbọ́n, ọmọ náà yóò tọ́jú rẹ. Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ, yóò là ní àbọ̀. Ohun tó dùn ni yóò máa wọ ẹnu rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń kàwé.

Ibi tí tàdáwà ti ràn nísàlẹ̀ yìí, èmi kọ́. Mo sọ fún Àgádágodo pé ọ̀dọ̀ Mọ́mì ni ìwé yìí ń lọ, ó sì lọ mú ike rẹ̀ wá. Omi lásán ni mo jẹ́ kó fún un mu.