Bàbá Tí Fọ́ọ̀mù Kò Béèrè

Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ mi pamọ́. Adájọ́ ni mí, ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ wa níbí, mo sì ti ṣe ohun tó lè lé mi kúrò níbẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di Friday, ẹ jọ̀ọ́...

Nígbà tí mo dé Houston, mi ò mọ ẹnì kankan. Bàbá Yorùbá kan tí mo ń pè ní Daddy ló gbà mí sílé wọn ní Mission Bend. A ò bára tan rárá o, church la ti pàdé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ló ń fi mọ́tò gbé mi lọ sí law school, òjò ni, oòrùn ni. Nígbà tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, bàbá mi ti kú, Daddy ni mo kúnlẹ̀ fún, àwọn ló gbọ́wọ́ lé mi lórí tí wọ́n súre fún mi. Àwọn ọmọ mi ò mọ grandpa míì.

Daddy ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Pearland. Ìyá kan ṣubú níbẹ̀, ó kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì pe Daddy lẹ́jọ́. Ẹjọ́ yẹn rìn títí ó fi dé iwájú wa. Fọ́ọ̀mù kan wà tí àwa adájọ́ máa ń kọ kí a tó gbọ́ ẹjọ́: ṣé ẹbí yín ni? Ṣé àna yín ni? Ṣé ẹ ní share nínú iṣẹ́ wọn? Mo kọ no, no, no. Ṣé irọ́ ni mo pa? Fọ́ọ̀mù òyìnbó ò béèrè ẹni tó tọ́ni. Àmọ́ èmi tí mo kọ ọ́, mo mọ̀! Mo rò ó pé bí mo bá yọra kúrò, wọn á béèrè ìdí rẹ̀, ó sì lè ba ìdìbò mi ti ọdún tó ń bọ̀ jẹ́, torí ará ìlú ló ń dìbò yan àwa adájọ́ níbí...

Àwa adájọ́ mẹ́sàn-án dìbò lórí ẹjọ́ náà, ó di márùn-ún sí mẹ́rin, Daddy ló borí. Èmi ni ẹnì karùn-ún. Èmi náà ni wọ́n tún ní kí n kọ ìdájọ́, pé kí ọmọ ìyá yẹn máa lọ sílé, kò ní ẹjọ́ kankan. Daddy ò sì bẹ̀ mí ní nǹkankan rí o, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ká ní wọ́n bẹ̀ mí ni, ǹ bá ti kọ̀.

Mo ti ka ìdájọ́ yẹn bí ìgbà ogún, òfin inú ẹ̀ dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n ká ní ẹlòmíì ló ni ilé yẹn ńkọ́? Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ mọ́! Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ẹjọ́ náà, ọmọ olóògbé jókòó síwájú, èmi nìkan ló ń wò, bóyá torí obìnrin bíi tiẹ̀ ni mí. 

Friday ni ìdájọ́ yẹn máa jáde. Bí mo bá yọra báyìí, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ẹjọ́ á sì tún dìde lé Daddy lórí lọ́jọ́ ogbó wọn. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́, ṣé màá tún lè pe ara mi ní adájọ́? Ẹ̀yin tí ẹni tí ò bí yín tọ́ yín nílùú yìí, ẹ dákun... ta ni kí n kọ́kọ́ pè láàárọ̀ ọ̀la, olórí ilé ẹjọ́ wa ni àbí Daddy? Torí bí mo bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Daddy, mi ò ní lè pe ẹnì kejì.