Orúnkún Mi Kò Bá Owó Kóòtù Lọ

Ilé wa,
Upenmen, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀.

Ọmọ́lẹ́yẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ambrose ọkọ rẹ, mo kí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le lÁbújá níbẹ̀, àti pé òtútù ẹ̀rọ tí ẹ ń tàn sínú yàrá, tí ẹ tún ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara yín nítorí rẹ̀, kò ní kó àìsàn bá yín. Àwa nílé ò ráhùn. Iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ aládùúgbò wa bí ìbejì, òun àti ìbejì náà ló sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lo ń wá nínú lẹ́tà yìí. Fọkàn balẹ̀, a jàre. Adájọ́ ní kí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ agbégẹdú yẹn, èyí tó yà bàrá kúrò lójú títì tó sì gbá mi lórúnkún níbi tí mo ti ń dúró de ọ̀kadà ní Uso, san owó gbà-má-bínú fún mi. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, nítorí Lateef awakọ̀ ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí wá, ojú rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Jẹ́ kí n sọ bí kóòtù ṣe ń ṣírò owó fún ọ, mo ti di ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ohun tí èèyàn ná àti ohun tó pàdánù gan-an, bí owó ọsibítù, oògùn, àti ata mi tó dànù sí títì. Gbọ́lá, lọ́yà wa, ní gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. Èmi náà gba rìsíìtì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Mo gba ti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ, tó ń fi òróró wọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ní kí Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, kọ rìsíìtì àdúrà fún mi, ó wojú mi títí, ó kọ ọ́, ó sì lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Mo tún ra ìwé rìsíìtì ní Ọ̀wọ̀, mo ń fúnra mi kọ ti ìrora, mo ń buwọ́ lù ú láràárọ̀. Nígbà tí mo kó o fún Gbọ́lá, ó fọwọ́ bojú, mo rò pé àánú mi ló ṣe é. Ó ní ìrora kì í ní rìsíìtì, pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ló máa wo bí ìpalára náà ṣe tó, ohun tí mi ò lè ṣe mọ́, àti ohun tí àwọn kóòtù mìíràn ti ní kí wọ́n san lórí irú rẹ̀, á wá sọ èyí tó bá ojú mu.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti ba ọkàn mi jẹ́. Ó ní, Ìyàwó wa, ohun tí èèyàn bá ti gbowó rẹ̀, ṣé kò ti tà á ni. Ọmọ mi, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Iṣu tí mo bá tà, mi ò lè lọ bù ú jẹ nílé ẹni tó rà á. Bí wọ́n bá san owó orúnkún mi, ó ti di tiwọn nìyẹn, bó tilẹ̀ ṣì wà lára mi, bẹ́ẹ̀ òun ni mo fi kúnlẹ̀ bí ọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi fi ìkúnlẹ̀ mi súre fún ọ láti ìgbà tí ẹjọ́ ti dé kóòtù, tí o fi ń bi mí lórí fóònù pé kí lo ṣe fún mi tí mo ń yára sọ pé ó dàárọ̀. O ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé kí n má lọ máa fi ohun tí mo ti fẹ́ tà súre, kí ìre náà sì máa gbe ilé iṣẹ́ agbégẹdú. Mo fẹ́ ní kí Gbọ́lá fa ẹjọ́ náà yọ, ṣùgbọ́n tí mo bá rántí ohun tí ìwọ àti Ambrose ti ná sórí ẹsẹ̀ yìí, ẹnu mi kì í gbà á.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ kàwé tán, Gbọ́lá ń fà mí láṣọ pé ká máa lọ, mo bá nawọ́ sókè. Obìnrin ni adájọ́ náà, síbẹ̀ Olúwa mi ni wọ́n ní ká máa pè é, Ọlọ́run á dárí jì wá. Mo bi í pé tí wọ́n bá sanwó tán, ṣé orúnkún mi máa bá wọn lọ ni, nítorí òun ni mo fi bímọ. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, Ìyá, kóòtù kì í bá èèyàn ta ẹ̀yà ara, kò sì sẹ́ni tó lówó rẹ̀. Ó ní owó náà wà láti gbé mi padà sún mọ́ ibi tí mo wà kí wọ́n tó pa mí lára, dé ibi tí agbára owó bá mọ, pé orúnkún mi ò kúrò ní tèmi. Ó ní òun náà bímọ. Ara mi fúyẹ́, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí fìlà akọ̀wé kóòtù.

Ó tún ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san irú owó yìí, pé òun ti ṣírò ìrora ọjọ́ iwájú mọ́ ọn. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń ro mí nísinsin yìí, mo máa ń sọ fún un pé kó rọra, wọ́n ti ṣírò tiẹ̀.

Gbọ́lá ní inú fóònù ni màá ti gbọ́ pé owó ti wọlé. Mo ti ní kí Lateef pa gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gba owó náà, àfi ti ọmọ rẹ, òun kéré, kò lè gba àyè púpọ̀. Kí owó kóòtù tó dé, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra àkùkọ fún Gbọ́lá, mo sì fẹ́ ra fìlà mìíràn fún akọ̀wé. Màá kọ rìsíìtì fún ọ, ìwé náà ṣì kù.

Ó yá, tí o bá kà á débí, kúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì lo wà, ti ilẹ̀kùn. Orúnkún mi ò tíì ká dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ín. Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ bí ọ, tí mi ò tà, tí ẹnikẹ́ni ò rà, á máa gbè ọ́, á gbe ọkọ rẹ, á gbe ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ. Ibi tí o bá kúnlẹ̀ sí, wọn á fà ọ́ dìde. Àdúrà tí mo jẹ ọ́ láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo san yìí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abigail.