Olóòótọ́ Tó Fi Kìnnìún Bojú

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Òkè Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé eyín tó ń dun ìyá ọkọ rẹ ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń wúkọ́ bí arúgbó. Fi ohun tí o ń ṣe sílẹ̀ kí o jókòó ka èyí, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pa mọ́.

Ó dá mi lójú pé o ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé sórí ayélujára lóṣù tó kọjá nípa búrẹ́dì Àǹtí, àbúrò ìyá mi. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní "Olóòótọ́ Kì í Bẹ̀rù" gbé àwòrán búrẹ́dì kan síta, aáyán wà nínú rẹ̀, ó ní ohun tí Àǹtí ń tà fún aráyé nìyẹn. Àwòrán kìnnìún ló lẹ̀ síbi tó yẹ kí ojú tirẹ̀ wà. Ẹ wá wo ẹni tí kì í bẹ̀rù, tó sá sẹ́yìn ẹranko. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ilé ìwé méjì àti ilé ìwòsàn tó ń ra búrẹ́dì ti ní kí Àǹtí má gbé e wá mọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ yìí ró. Ní báyìí, ológbò ló ń sùn nínú ààrò kejì, àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń po ìyẹ̀fun sì ti padà sílé wọn. Bó bá tún rí báyìí lóṣù tó ń bọ̀, Àǹtí á ti ilẹ̀kùn pa.

Àǹtí ní kí n bá àwọn wo àwòrán náà dáadáa lórí fóònù mi. Mo fẹ̀ ẹ́ títí, ni mo bá rí ihò mẹ́ta lórí búrẹ́dì. O mọ̀ pé láràárọ̀, kí wọ́n tó ki búrẹ́dì títà bọ ààrò, kékeré kan ni wọ́n fi ń dán iná wò. Àǹtí á fi ìka gún un lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ọjà. Kò jáde nílé rí, àwa ará ilé la máa ń jẹ ẹ́. Ìwọ náà jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí o ń gbé ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù yẹn, èmi, Àǹtí àti ọkọ ọmọ wọn tó ń bá wa gbélé la ń jẹ ẹ́, nítorí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọ́n ń ṣọ́ oyún rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Mo mọ ara mi, mo mọ Àǹtí. Ó wá ku àna wa, akọ̀wé tó ń so táì lọ tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ìwé oníwèé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ohun tó fà á ò ju pé ó ní kí Àǹtí fi òun ṣe máníjà, Àǹtí sì ní kó kọ́kọ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun. Ó kà á sí ìwọ̀sí.

Mo lọ bá a ní yàrá rẹ̀, ó ń lọ táì lọ́wọ́. Mo fi ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní, "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Olóòótọ́ ló kọ ọ́. Àwa méjèèjì yàtọ̀ síra." Mo bi í pé nínú àwọn méjèèjì, èwo ló jẹ búrẹ́dì náà, èwo ló ki aáyán bọ inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá máa ń lo orúkọ mìíràn.

Mi ò bá orúkọ mìíràn jà o. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ máa lé lẹ́nu iṣẹ́ tó bá sọ òótọ́, kó bojú, kó sọ ọ́, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹun yó, tó wá lọ bojú kó lè tutọ́ sínú àwo, ojo ni. Ojo tó ń so táì. Ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ tó ń wúkọ́ lórí àtẹ̀gùn báyìí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Mo fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ síta lọ́jọ́ náà gan-an. Àǹtí di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní bí ọmọ àwọn bá gbọ́ pé ọkọ òun ni, oyún yẹn lè bọ́, pé kí n jẹ́ kí búrẹ́dì lọ, kí ọmọ dúró. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. O mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi.

Wọ́n wá ní kí n ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn. Mo ń fo àwọn tó burú jù, mo ń kà, títí mo fi dé ibì kan tí mo dá dúró. Kò sí kìnnìún níbẹ̀. Orúkọ rẹ ni, orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́, àti ojú rẹ tó ń rẹ́rìn-ín: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tú àṣírí wọn." Ìwọ lo kọ́kọ́ kín in lẹ́yìn. Bóyá o ò tilẹ̀ kà á dé ìdí kí o tó kọ ọ́, mi ò mọ̀.

Àǹtí gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ àna wọn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ọmọ tó gbé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún méjì yẹn kọ́ nìyí? Kí ni mo ṣe fún un?"

Mo ní màá kọ̀wé béèrè èsì rẹ̀. Ìwọ ló ni ín.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí o sì kí ìyá ọkọ rẹ kú ìnira eyín. Àǹtí náà ní kí n kí ọ.

                                        Tìrẹ ṣì ni mí, pẹ̀lú ìbínú,
                                        Abẹ́rẹ́.