Mo Ti Gbé Ipò Balógun fún Ràṣídì

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ẹsẹ̀ jọ,

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ẹ ti lọ, n kò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín rí. Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ìròyìn níbi tí ẹ wà. Èmi kọ́ ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, Arámọkọ, mọ́. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ mi o. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Mo mọ bí ipò náà ṣe rí lọ́kàn yín. Ẹ̀yin lẹ ṣe é ṣáájú mi nígbà tí ẹ wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ẹ lè sáré mọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ́kọ́ dé pápá, tẹ̀yin ti àpótí ìjókòó yín, ẹ óò sì bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ wọlé onílé. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹ kì í pàtẹ́wọ́. Ẹ óò kàn ṣí fìlà, ẹ óò tún un dé. Mo máa ń wá fìlà yẹn ju bí mo ṣe ń wá bọ́ọ̀lù lọ.

Kò ju ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin yín tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi wá sílé. Wọ́n ní ọmọ ẹkùn ẹkùn ni í jọ, pé èmi ni balógun láti ọjọ́ náà lọ. Mo gbà. Mo rò pé bí mo bá gbà á, bóyá n óò tún máa rí fìlà yẹn.

Bàbá, mo mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n n kò mọ èèyàn kó jọ. Bí ẹnì kan bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, àwọn tó wà lọ́jà yóò gbọ́ ariwo mi. Bí a bá borí, mo gbà pé èmi ni mo ṣe é. Bí wọ́n bá borí wa, mo ti mọ ẹni tó fà á, kì í sì í ṣe èmi. Síbẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, oúnjẹ kì í dúró nínú mi. N óò yọ́ lọ sẹ́yìn ilé, n óò bì, n óò fi omi ṣan ẹnu, n óò sì jáde bí akọni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdó-Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́. A lọ bá wọn gbá a nílé wọn. Wọ́n fún wa ní pẹ́nátì, èmi ni mo gbá a, mo sì gbá a sínú igbó. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbá góòlù wọlé wa. Ẹ rántí Ṣẹ́gun bíríkìlà, aṣọ́lé wa? Òun ni mo kọjú ìjà sí. Mo pè é ní ọlọ́wọ́ ẹ̀fọ́, mo pè é ní ẹrù, lójú ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá. Ṣẹ́gun bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí ìlà góòlù, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì wọ takisí lọ sílé. Kí ló dé tí n kò sáré tẹ̀ lé e? Mo dúró níbẹ̀ ni, mo ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́fà péré la wá ṣe ìdánrawò. Lẹ́yìn náà a di mẹ́rin.

Mo gbé ẹsẹ̀ lọ sílé Ṣẹ́gun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín láti ojú ọ̀nà. Mo bá Ràṣídì lórí ìjókòó níbẹ̀, àwọn méjèèjì ń fi iṣu bọ epo. Ẹ kò mọ Ràṣídì púpọ̀. Òun ni ọmọ Ìkìrun tó ń lẹ táyà ní ìdíkọ̀, tó máa ń gbá ẹ̀yìn fún wa. Kì í sọ̀rọ̀ lórí pápá, n kò sì kà á sí rárá. Àṣé láti ọjọ́ Ìdó-Ilé, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí kò yà sọ́dọ̀ Ṣẹ́gun. Àṣé ó ti dé ilé gbogbo àwọn tó kù.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ṣẹ́gun. Ẹgbẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. Ó fà mí dìde, ó sì sọ òótọ́ fún mi.

“Dìde, mo ti gbà. Ìwọ lo mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wa, kò sẹ́ni tó ń jà ọ́ níyàn. Ṣùgbọ́n bí góòlù bá wọlé mi, ojú Ràṣídì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Tìẹ, ńṣe ni mò ń sá fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n, Bàbá, bí mo ṣe ń lọ sílé, mo rí i pé kì í ṣe ìbínú ló wà nínú mi. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ẹni sọ ẹrù tí ọrùn ti wọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo tọ alága ẹgbẹ́ lọ, ọ̀rẹ́ yín àtijọ́. Mo ní kí wọ́n fi Ràṣídì ṣe balógun. Wọ́n dìde lórí àga.

“Ọmọ Ìkìrun? Kí ó ṣe balógun lórí ọmọ Arámọkọ? Kí ni bàbá rẹ máa wí?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé. Kí ni ẹ máa wí? Ǹjẹ́ ẹ ó máa rò pé mo ta ogún? Màmá rí ojú mi, wọ́n bi mí léèrè, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èébì tí mò ń yọ́ lọ bì. Mo rò pé wọn yóò sunkún. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

“Ta ló sọ fún ọ pé ipò yẹn dùn mọ́ bàbá rẹ? Ẹ̀yìn ulé yìí náà ló ti máa ń bì, ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo máa ń bu omi fún un. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, odidi uṣu kan ló jẹ.”

Bàbá! Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé n kò ní lè gbọ́ ọ ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n gbádùn ohun tí ẹ̀yin kò gbádùn? Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá Màmá, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín yín títí omi fi jáde lójú wa.

Mo padà tọ alága lọ. Mo sọ fún wọn pé bí kì í bá ṣe Ràṣídì, kò ní sí ẹgbẹ́ tí wọn óò máa ṣe alága lé lórí. Wọ́n kùn, wọ́n gbà.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni àwọn ará Èrìò wá bá wa gbá a nílé. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé Ràṣídì ló so àsomọ́ balógun mọ́ apá, àwọn kan hó lé e lórí, àwọn kan dìde lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan tí kò lágbára rárá gba àárín ẹsẹ̀ Ṣẹ́gun wọlé. Mo ti la ẹnu kí n tó rántí ara mi. Ràṣídì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, ó fi jẹ́sì ara rẹ̀ nù ún, ó sọ nǹkan sí i létí, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun kàn sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, kí ó fa ṣòkòtò sókè ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀lù kankan kò tún gba ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun kọjá.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí ni rẹfirí fún wa ní pẹ́nátì. Ràṣídì gbé bọ́ọ̀lù wá fún mi. Mo mi orí. Ìdó-Ilé ṣì wà lójú mi.

“Gbá a,” ó ní. “Bí o bá gbá a sóde, èmi ni mo yàn ọ́. Èmi ni wọn yóò bú.”

Mo gbá a. Ó ba igi góòlù, ó sì padà sóde. Rẹfirí fun fèrè, ọ̀mì ni. Bàbá, wọ́n bú Ràṣídì lóòótọ́. Wọ́n pè é ní àjòjì, wọ́n ní kí ó padà sí Ìkìrun lọ lẹ táyà. Kò tọ́ka sí mi. Ó gbé apá lé mi léjìká, a jọ gba àárín wọn kọjá, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pariwo pé òun ni òun yàn mí, òun yóò sì tún yàn mí. Alága ẹgbẹ́ ń wò wá. Nígbà tó yá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bọ Ràṣídì lọ́wọ́. Ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Nígbà tí a tún ṣe ìdánrawò, àwa méjìdínlógún la wá. A kò ríbi dúró.

Mo ti rò pé ẹni tó ń gbá góòlù sínú àwọ̀n ni balógun. Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé ẹ mọ̀. Ara ti tù mí báyìí. Mò ń jẹun láàárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Mò ń rẹ́rìn-ín lórí pápá. Màmá wà dáadáa, kòkó ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ẹ ń retí kò tíì dé, Oǹdó la ṣì wà.

Lánàá, Ràṣídì mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Àwọn ará Ìjerò fẹ́ kí a wá bá wọn gbá a, wọ́n sì ní kí a fi orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ránṣẹ́. Ó ní ọwọ́ òun kò mọ ìwé kọ tó bẹ́ẹ̀, kí n bá òun kọ ọ́. Mo gbé máṣíìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè pátápátá, mo kọ balógun sí iwájú rẹ̀, mo sì kọ tèmi sí ìkẹsàn-án.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ti jẹun yó láàárọ̀ yìí.